Ọmọ Ta Ni Wọ́n?

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ rèé tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, màámi ló sì bi mí. Fọ́tò kan ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp láti Grenada, erékùṣù kan ní Caribbean, mo rò pé wọ́n á ní "ẹ kú ìgbafẹ́" kí wọ́n sì kó àdúrà lé e bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àfi bí voice note kékeré kan ṣe wọlé, ohùn wọn wálẹ̀ gan-an: "Ọmọ ta ni àwọn ọmọ tó wà nínú omi yìí?" Ìyẹn nìkan. Mi ò fèsì. Mo ní màá pè wọ́n tí a bá débi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, mi ò pè. A padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù, aago mẹ́ta òru ni màá máa yí aláìsàn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, ọ̀rọ̀ yẹn á tún dé: ọmọ ta ni?

Mo ti dá a lóhùn nínú ọkàn mi lọ́nà bíi mẹ́rin, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé wa dé Grenada

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣègbéyàwó la fi ìrìn àjò yẹn sàmì sí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá, Bridgetown ní Barbados la ti wọ̀ ọ́, erékùṣù kan lónìí, òmíràn lọ́la. Mi ò ní sọ ti oúnjẹ àti ijó alẹ́, ẹ ti rí fídíò wọn. Ọjọ́ kẹfà ni ilẹ̀ mọ́ bá wa ní St. George's, olú ìlú Grenada, àwọn ilé olórùlé pupa to sára òkè bíi pé wọ́n ń wo èbúté látòkè. Bàbá àwọn ọmọ ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn fẹ́ jókòó, èmi sì ti sanwó láti lọ snorkeling, ìyẹn ni kéèyàn wọ awò ojú, kó fi ọ̀pá kan sẹ́nu tí yóò máa fi mí, kó dojú bo omi kó máa wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò wa kí ọjọ́ yẹn tó pé. Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, kò sí òkun níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì kọ́ wa nípa omi ni pé ká jìnnà sí i. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fojú kan òkun, ọmọ iléèwé girama ni mí, wọ́n kó wa lọ sí Badagry fún ẹ̀skọ́ṣọ̀n, a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, wọ́n fi ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n máa ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun hàn wá, ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Àwa ọmọ ń pariwo, a ń kó yanrìn sápò. Mo rántí pé tíṣà wa ò pariwo, obìnrin náà kàn dúró, ó ń wo omi.

Òbìrìkìtì kan nísàlẹ̀ omi

Ọkọ̀ kékeré ló gbé wa láti èbúté, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí ìhà àríwá, kò pẹ́ tí a fi dé Molinere. Ọmọkùnrin tó ń darí wa á tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Auntie ló ń pè mí. Ó ní kí a tutọ́ sínú awò ojú wa, ká fi ìka ra á, ká ṣàn án, kí kùrukùru má baà bò ó. Mo wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo wọ bàtà rọ́bà gbọọrọ yẹn, mo ké pe Jésù, mo bọ́ sómi.

Tí o bá kọ́kọ́ dojú bo omi báyẹn, ìró èémí ara ẹ nìkan lo máa gbọ́, yóò wọlé, yóò jáde, ó rí gẹ́lẹ́ bíi ti aláìsàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bò lẹ́nu, ìró tí mo ti ń gbọ́ láti ogún ọdún. Ìyẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo rí àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n kọlà dúdú sára àwọ̀ èsúrú, mo rí ẹja aláwọ̀ ewé kan tí ẹnu ẹ̀ rí bíi ti ayékòótọ́, ó ń họ òkúta jẹ, mò ń gbọ́ eyín ẹ̀ lára òkúta, wọ́n sì ní ohun tó bá gé jẹ tó sì yà síta wà lára yanrìn funfun tí a ń tẹ̀ kiri létí òkun. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn gan-an, ọkàn mi ò sí lórí ìtàn kankan, ọjọ́ ìsinmi mi ni.

Ni ọmọkùnrin yẹn bá nàka sísàlẹ̀.

Ọmọ ni wọ́n. Àwọn ọmọdé, wọ́n dúró ṣinṣin lórí yanrìn ní nǹkan bíi mítà márùn-ún sísàlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ṣe òbìrìkìtì bíi pé wọ́n fẹ́ ṣeré òṣùpá, àmọ́ wọ́n kẹ̀yìn sí àárín, wọ́n kọjú síta sí òkun. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ga tó ọmọ gidi. Omi ń lọ ó ń bọ̀ lára wọn, ohun tó hù sí wọn lára ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń mì sí ìkejì, àwọn ò mì, wọn ò sì jáwọ́ lára wọn.

Iyùn ló ti hù bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iyùn yìí torí òun ló mú mi. Ọ̀pọ̀ wa rò pé òkúta ni iyùn, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà, kì í ṣe òkúta, egungun àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú òkun ni, wọ́n máa ń di ara wọn mú, wọ́n á máa kọ́lé lé orí àwọn tó ti kú ṣáájú wọn. Èyí pupa tí a ń so mọ́rùn, Òkun Mẹditaréníà ló ti máa ń wá, irú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Grenada, àmọ́ ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, màámi ló fọwọ́ ara wọn so iyùn mọ́ mi lọ́rùn, ó wúwo, wọ́n ní kí n má tẹrí ba, iyùn kì í tẹrí ba. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, mo dojú bolẹ̀ nínú òkun àwọn ẹlòmíì, mò ń wo ọmọ kan tí iyùn ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó ti bo ojú ẹ̀ kan, ó ti yí i lọ́rùn ká, kò sì sí ìyá kankan tó so ó mọ́ ọn.

Ẹkún gbà mí. Nínú awò ojú kò sí ibi tí omijé lè gbà jáde, ó kún, mi ò ríran mọ́, mo gbé orí sókè, mo yọ ọ̀pá lẹ́nu. Ọmọkùnrin yẹn lúwẹ̀ẹ́ wá, ó di apá mi mú, kò yà á lẹ́nu rárá, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú tó ń wá síbẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún, ó ní ká sinmi díẹ̀ ká tó tún dojú bolẹ̀. A sinmi. Mo tún padà wò wọ́n. Mo wò wọ́n pẹ́.

Ohun tí ẹni tó ṣe ère náà ní lọ́kàn

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ kékeré ni mo wá bèèrè dáadáa. Jason deCaires Taylor ló ṣe é, bàbá ẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Guyana, 2006 ni wọ́n ṣí ọgbà ère abẹ́ omi yẹn, òun ni wọ́n sì ń pè ní àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lágbàáyé. Ìjì Ivan ti ba Grenada jẹ́ gidigidi ní 2004, ó wó ilé, ó hú igi nutmeg tí wọ́n ń fi èso ẹ̀ ṣe èròjà oúnjẹ, iyùn inú òkun náà ò sì bọ́ níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí kò ní pa ohun abẹ̀mí lára ni wọ́n fi mọ àwọn ère, kí iyùn lè ríbi dì mú, kí ẹsẹ̀ àwa àlejò sì kúrò lórí èyí tó ṣẹ́ kù lójú ibẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn, ara ọmọ Grenada tó wà láàyè ni wọ́n ti ya ojú wọn. Ọmọkùnrin yẹn ní òun mọ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n jọ lọ iléèwé, ó ti bímọ báyìí.

Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tí mò ń sunkún lé lórí lọ sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n jẹun, wọ́n dàgbà. Ẹni tó ṣe ère náà sì ti sọ ọ́ síta pé kì í ṣe àwọn ẹrú tí wọ́n jù sómi lòun ní lọ́kàn, pé bí ọmọdé ṣe máa ń gba ìrísí ibi tó bá ti ń dàgbà lòun ń rò. Àwọn èèyàn ló wo òbìrìkìtì yẹn tí wọ́n rí àwọn tó kú sójú òkun nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti rìn jìnnà débi pé ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nípa ère náà nìyẹn.

Ìyẹn ló dí mi lẹ́nu nígbà tí màámi bèèrè. Mo ti fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé "Ère ni, Màámi, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, wọ́n wà láàyè." Òótọ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo pa á rẹ́, torí mo mọ̀ pé irọ́ ni màá fi òótọ́ yẹn pa.

Èmi ò gbà pé àwọn tó ń sunkún níbẹ̀ ṣi ère náà lóye. Ẹni tó fi omijé ẹ̀ pamọ́ fún igba ọdún láìríbi sun ún sí, ibi tó bá kọ́kọ́ rí ojú ọmọ lábẹ́ òkun náà ló máa sun ún sí. Ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀?

Ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi sọnù

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò gbọ́ ọ yé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kó yé mi. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ kú lójú ẹ̀, ó ń ké, ó ń wó lulẹ̀, ọjọ́ kan á dé tó máa jẹun. Ìyá tí kò mọ ibi tí ọmọ ẹ̀ wọlẹ̀ sí, ilẹ̀kùn ló máa ń wò. Tí ajá bá gbó, á dìde.

Àwọn òpìtàn ti ka ìwé àwọn ọkọ̀ ẹrú tó kù, wọ́n ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 ni wọ́n kó sọ́kọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 ò sì gúnlẹ̀, ojú omi ni wọ́n kú sí. Mo máa ń ka nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀, á kọjá. Láti ọjọ́ Molinere ni kò kọjá mọ́, torí mo ti wá rí i pé nọ́ńbà kejì wà tí ẹnikẹ́ni ò kà, ìyẹn àwọn ìyá tó ń wo ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn ni Àfàlá, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. 1821 ni wọ́n kó Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ọkọ̀ àwọn ará Pọ́túgà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. 1846 ni ìyá rí i padà ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Iye ọdún tí mo ti wà nílé ọkọ. Àjàyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, àwọn ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó mú un kúrò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀, kì í ṣe òyìnbó, èèyàn dúdú bíi tiwa ni, wọ́n ń sọ èdè tó gbọ́. Èyí náà wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún mi láti dáhùn. Nínú "ọmọ ta ni" yẹn, ẹni tó tà wọ́n náà lè ti jẹ́ ọmọ wa.

Káàdì mi dún

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn a tò lórí ìlà láti padà sọ́kọ̀. Gbogbo èrò ló ní káàdì, tóo bá ń jáde wọ́n á fi kan ẹ̀rọ, tóo bá ń wọlé wọ́n á tún fi kàn án, á dún, fọ́tò ẹ á yọ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ẹ káàbọ̀. Tí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù sétí òkun, wọ́n á pe orúkọ ẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ọkọ̀ á gbọ́. Wọ́n pe àwọn méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n pè wọ́n léraléra títí wọ́n fi dé.

Mo dúró lórí bákóní yàrá wa lóru, bàbá àwọn ọmọ ti sùn, omi dúdú, mo sì ń rò ó pé àwọn ọkọ̀ ẹrú náà máa ń ka èèyàn. Wọ́n kà wọ́n dáadáa. Ní 1781, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Zong ju èèyàn tó lé ní 130 sómi láàyè lójú ọ̀nà Jàmáíkà, àwọn tó ni ọkọ̀ sì lọ kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù láti gba owó inṣọ́ránsì lórí wọn. Wọ́n mọ iye wọn. Orúkọ wọn ni kò sẹ́ni tó pè. A máa ń ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, èmi tí mo fẹ́ràn òwe yẹn, tí mo máa ń fi parí ìwé sí màámi, kò ṣeé sọ lẹ́nu mi lóru yẹn.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó débẹ̀ ṣáájú mi

Mo ṣì ní ohun kan tí mi ò mọ̀ kí n tó lọ, ó sì dùn mí pé mi ò mọ̀ ọ́n, torí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ Òṣómàáàlò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dá àwọn ẹrú Grenada sílẹ̀ pátápátá ní 1838, àwọn olóko ìrèké ń wá òṣìṣẹ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá kó lára àwọn tí wọ́n gbà lórí ọkọ̀ ẹrú wá fún wọn. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ló dé Grenada ní 1849, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Ìjẹ̀ṣà sì pọ̀ nínú àwọn Yorùbá náà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Àfàlá rí ọmọ ẹ̀. Àwọn ló gbé òrìṣà débẹ̀, títí dòní Shango ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn náà ní Grenada, Ṣàngó wa, Ògún wa, Ọ̀ṣun wa.

Ìyá kan tó ń ta nutmeg àti cinnamon lẹ́bàá èbúté bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, Yorùbá. Ó wò mí. Ó ní nílé àwọn, tí wọ́n bá fẹ́ rántí àwọn tó ti lọ, wọ́n máa ń se oúnjẹ púpọ̀, wọ́n á pe àdúgbò, saraca lorúkọ ẹ̀, ṣé mo mọ̀ ọ́n? Mo ní, Ìyá, sàráà. Ó ní saraca. Mo ní sàráà. Ó di ọwọ́ mi mú lórí tábìlì ọjà yẹn, a ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn síra wa, ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, mi ò fẹ́ lọ.

Mo pe màámi

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo pè wọ́n, fídíò. Wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè ṣì wà lórí wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ bi mí ní nǹkan, mi ò dáhùn." Wọ́n ní, "Mo ń retí ẹ." Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ère, sìmẹ́ńtì, iyùn, àwọn ọmọ tó wà láàyè, àwọn tí kò sí láàyè, àwọn Ìjẹ̀ṣà 1849, gbogbo ẹ̀ ló ń tú jáde láìlétò. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní:

"Omi yẹn, ṣé ó tutù?"

Mo ní, "Rárá o, Màámi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi omi tí ẹ máa ń fi wẹ̀ wá ní àárọ̀ ọyẹ́."

Wọ́n mi orí. Ó pẹ́ díẹ̀. "Mélòó ni o pè wọ́n?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màámi."

Wọ́n ní ó dáa, kí n lọ sùn, kí n lè rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa fóònù.

Màámi kì í ṣe Mùsùlùmí, Áńgílíkà ni wọ́n láti kékeré, àmọ́ kò sí ilé ní àdúgbò wa tí kì í ṣe sàráà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹní wà nílẹ̀ níwájú ilé, àwọn ọmọ àdúgbò jókòó sí i, àwo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ kálukú, màámi ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí ńlá, wọ́n ń bu kún un fún èyí tí tiẹ̀ bá ti tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mo ka mọ́kàndínlógún, ọmọ kékeré kan dìde, ó bọ́ sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kò yé mi mọ́ èyí tí mo ti kà nínú wọn, mo dá fídíò náà padà síbẹ̀rẹ̀, mo tún ń kà.